Bí mo ṣe ra ìbọ̀sẹ̀ tó bá bíréèsì Bàbá mi mu

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, ara wọn sì ti ń yá, a dúpẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹsẹ̀ òsì tí kì í fẹ́ gbé ìka sókè. Bí wọ́n bá ṣísẹ̀, ìka á máa wọ́lẹ̀, àyà wa á sì máa já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bíréèsì fún wọn. POP, ìyẹfun funfun tí wọ́n ń pò tó máa ń le bíi símẹ́ńtì, ni wọ́n fi mú bátànì ẹsẹ̀ náà, wọ́n wá fi ike funfun líle rọ èyí tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó yí gìgísẹ̀ ká, tó sì gun ẹ̀yìn ojúgun lọ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Bẹ́líìtì méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó máa ń dún fàràà tí èèyàn bá ń já a, ni wọ́n fi ń dè é: ọ̀kan ní ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan lókè.

Bíréèsì yẹn ń ṣiṣẹ́. Bàbá ti ń rìn láti yàrá dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n ike kì í dẹ̀ fún èèyàn. Tí ìbọ̀sẹ̀ bá kúrú, ibi tó parí sí ni ike á ti lẹ̀ mọ́ awọ tó ń làágùn, á sì máa ha á ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣísẹ̀. Tó bá ká jọ lábẹ́ gìgísẹ̀, orí ibẹ̀ ni ìwúwo ara á máa tẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yìí kì í sì í tètè mọ ìrora bíi ti ọ̀tún. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé kò ń dùn yín?” wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọ mi.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọn kò mọ̀ ọ́n lára ni. Ìdí tí mo fi fi gbogbo ọkàn wá ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn, torí egbò tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé òun ní máa ń jinlẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Ẹni tó ń ṣe físíò (ìtọ́jú tó ń mú kí ara padà máa ṣiṣẹ́) fún wọn ti là á yé mi: kó ga ju bíréèsì lọ, kó mọ́ ẹsẹ̀ lára láìfún un pa, kó má sì ní nǹkan tó yọ síta níbi ìka. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọn ẹsẹ̀ náà, torí ó máa ń wú díẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìbọ̀sẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ àárọ̀ mu sì lè fún ẹsẹ̀ alẹ́ pa. Nígbà tí Bàbá wá sùn lọ́sàn-án, mo wé bíréèsì sínú láílọ́ọ̀nù, mo wọ takisí Micra láti Òkè-Àdó lọ sí Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bíréèsì gan-an dání. Tépù kò tó. Ìbọ̀sẹ̀ tó gùn lórí àtẹ máa ń kúrú tó bá bọ́ sórí ẹsẹ̀, torí bó ṣe ń fẹ̀ náà ló ń sún kì. Orí bíréèsì ni mo ti ń fa tèmi wò, mo sì ń wá èyí tó máa fi bí ínǹṣì 2 kọjá òkè rẹ̀, kó lè ṣeé dà bo etí ike.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ta ló ni ín?” Mo ní bàbá mi ni. “Olúwa á wò wọ́n sàn. Ẹ jókòó, ẹ tú gbogbo rẹ̀ wò.” Èyí tó funfun, tó gùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀, ló kọ́kọ́ nà sí mi. Gígùn rẹ̀ dára, àmọ́ náílọ́ọ̀nù lásán ni. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi tutù fún òógùn. Nínú ike tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ní oòrùn Ìbàdàn yìí, ìyẹn kò ṣeé gbé fún àgbàlagbà.

Mo wo tàwọn agbábọ́ọ̀lù níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé òun ni kí èèyàn rà fún bíréèsì, torí ó ga dé orúnkún. Ẹ yí i síta kí ẹ tó sanwó. Èyí tí mo yí síta ní òwú jànkànjànkàn lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó nípọn, gẹ́lẹ́ níbi tí bẹ́líìtì máa tẹ̀. Mo dá a padà.

Ní Ògùnpa, mo rí òkìríkà tó dáa lóòótọ́, tí ibi ìka rẹ̀ tẹ́jú, tí inú rẹ̀ rọ̀ mùlọ́mùlọ́. Mo pe Bàbá lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ò ní fi ìbọ̀sẹ̀ òkú òyìnbó bọ ẹsẹ̀ àwọn. Ẹsẹ̀ wọn ni, mo gbà fún wọn. Rọ́bà ọrùn rẹ̀ náà ti fẹ́ rẹ̀, ì bá máa yọ̀ wálẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ń wá nísàlẹ̀ ẹrù rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀ jù, tí wọ́n fi pọlẹ́sítà àti spandex díẹ̀ lù. Òwú nìkan máa ń fa òógùn mu, kò sì í tètè gbẹ. Pọlẹ́sítà ló ń jẹ́ kó gbẹ, spandex ló ń jẹ́ kó padà sípò tí wọ́n bá fà á. Mo yí i síta, mo fi ibi tí wọ́n ti rán ìka rẹ̀ pọ̀ pa ọwọ́ mi nínú, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. N kò gbọ́ ọ lára. Nínú ike, ìkókó òwú kékeré níbi ìka dà bí òkúta inú ìrẹsì, kò dìgbà tó bá tóbi kó tó ṣe èèyàn léṣe. (Bí èyí tí ẹ ní nílé bá ní irú ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ yí i síta wọ̀, inú á di ìta.) Mo ra funfun, mo ra dúdú. Funfun ni ti ilé, torí bí awọ bá bó, a máa rí àbàwọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dúdú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ṣòkòtò.

A fọ àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà kí Bàbá tó wọ̀ wọ́n. Bàbá jókòó sórí àga, orúnkún wọn tẹ̀, torí tí ẹsẹ̀ yẹn bá nà gbọnrangandan, ó máa ń le koko. Mo ká ìbọ̀sẹ̀ jọ títí dé ibi ìka, mo ti ìka wọn wọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí gìgísẹ̀ bọ́ sójú àyè rẹ̀, mo wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ́ ẹ lọ sókè, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, títí kò fi sí ibi tó ká. Lẹ́yìn náà ni bíréèsì. Gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé dé ẹ̀yìn pátápátá; bẹ́líìtì ọrùn ẹsẹ̀ ni mo sì ń kọ́kọ́ dè kó má baà yọ síwájú. Mo da etí ìbọ̀sẹ̀ bo òkè ike. Bàtà wọn tó fi nọ́ḿbà kan tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ gbà á, àmọ́ mo yọ tìmùtìmù inú rẹ̀.

Wákàtí kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀ ọ́. Mo bọ́ ọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo wo kókósẹ̀, gìgísẹ̀, ìka kékeré àti abẹ́ ẹsẹ̀. Ìlà díẹ̀ wà lójúgun. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tó fi parẹ́. Èyí tó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ tí kò lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ bíréèsì náà mọ́, ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é. Ara àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, nítorí náà, mo máa ń wo ibi tó bá dúdú ju ara yòókù lọ tàbí tó ń dán, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le. A ń fi kún àkókò náà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án, a máa ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tó bá ti rin. A kì í da páúdà sí i, ó máa ń di ìṣù nínú òógùn. Ọṣẹ lásán la fi ń fọ̀ ọ́, kò sí bílíìṣì, abẹ́ òjìji la ń sá a sí kí rọ́bà rẹ̀ lè pẹ́. Bíréèsì náà kì í rí oòrùn, a kì í sì í fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé síta, torí ooru lè ba bátànì rẹ̀ jẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ bá ti dẹ̀, tó ti ń yọ̀ wálẹ̀, a kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ń gé e, mo ń fi omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́rọ́ rin ín, òun ni mo fi ń nu inú ike lálaalẹ́.