Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà ń fẹ́ ìtọ́jú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé l'Ádó àti lẹ́yìn odi. Tí ẹnìkan nínú wa bá ń tọ́jú ìyá tàbí ọkọ tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ má bi í pé kí lẹ lè bá a ṣe. "Kò séwu" ló máa sọ. Ẹ wí fún un pé, "Mò ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, màá jókòó ti Màmá, ìwọ lọ sùn." Ẹ gbé iyán sínú kúlà dání, kò ráyè gún un.

Nígbà tí mò ń tọ́jú ìyá mi, wákàtí méjì-méjì là ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò, tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́, nọ́ọ̀sì kan ní kí n má fipá fún wọn lóúnjẹ, kí n máa fi òwú tútù pa ètè wọn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ńkọ́? Ibẹ̀ la ti ń kùnà. Títí di ìjọ́ kẹjọ, ilé kún. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́nìkan. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ dárúkọ olóògbé, ẹ jẹ́ kó sunkún. Owó aṣọ ẹbí yẹn náà, ká fi ìdajì rẹ̀ san gbèsè oògùn (èrò tèmi nìyẹn o).

Mo ti gba Sátidé yìí. Ta ló máa gba Ọjọ́rú?