Bí Mo Ṣe Bá Ọmọ Mi Wá Àyè Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Yunifásítì

Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ wọ SS 3, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo kó ìwé mẹ́ta jáde: NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí WAEC fún ìdánwò àṣejáde. A jókòó, a kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àárín rẹ̀ wà nínú NIN, kò sí lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láti ọdún 2021, inú NIN ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò lè tẹ orúkọ mìíràn sí i ní sẹ́ntà. Bí WAEC bá wá gbé orúkọ tó yàtọ̀ jáde, ọmọ náà ló máa máa ṣàlàyé ara rẹ̀ kiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á wọlé. Mo lọ bá tíṣà tó ń mójú tó WAEC kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́, wọ́n bá wa tún un ṣe.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Òkè-Ajé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìyá tí a jọ ń tajà ti ń bi mí bí a ṣe ṣe é, nítorí ọmọ tiwọn náà fẹ́ di dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń dù ni wọ̀nyí, àyè wọn kò sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ohun tí mo gbà gbọ́: ìwé kíkà, iṣẹ́ ọmọ ni. Ìwé títò àti ìṣirò, òbí ni kó gbé e. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa yàn, àwọn méjèèjì ló ni í, kò yẹ kí ẹnì kan já a gbà mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ẹ mójú tó ọ̀rọ̀ síìmù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Orí síìmù kan ni a ti ń fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí JAMB tó fún ọmọ ní kóòdù rẹ̀. Síìmù yẹn kan náà lẹ máa fi béèrè èsì ìdánwò. Síìmù tó jẹ́ ti ọmọ gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní káfé. Íméèlì náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tí ẹlòmíràn bá ṣí íméèlì. Nígbà tí wọ́n máa wá páásíwọ́ọ̀dù, onítọ̀hún ti kó kúrò ládùúgbò. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ṣí tiẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, torí ìwé yẹn kì í kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ wo ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ní 2024 ìjọba sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò ní wọ yunifásítì, ọkàn ọ̀pọ̀ wa sì dàrú, kí mínísítà tuntun tó dá a padà sí 16 ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Tèmi ti pé 16.

Ọ̀rọ̀ yíyàn ló gba àsìkò wa jù. Láti kékeré ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ti ń pe Ìbàdàn. Mi ò bá a jiyàn, mo kàn ní kí a jọ mọ bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ. Yunifásítì Ìbàdàn kì í wo ọmọ tí kò bá fi í ṣe yíyàn àkọ́kọ́, kì í sì í pe ẹni tí kò bá gba 200 nínú 400 ti JAMB fún ìdánwò tirẹ̀. Nínú yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé kí wọ́n fi máàkì nìkan gba ìdá 45 nínú 100, kí 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ àyíká wọn, kí 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí lára àwọn tí ìdá 20 yẹn wà fún, ṣùgbọ́n a wà lára àyíká Ìbàdàn. Nítorí náà àǹfààní díẹ̀ wà. Díẹ̀ ni mo sọ, torí pé gbogbo ọmọ tó gbọ́n ní Ìlẹ̀ Yorùbá ló ń wo ẹnu ọ̀nà kan náà yẹn.

Babcock wà nítòsí wa ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Mo ṣe ìṣirò owó rẹ̀ pẹ̀lú Dádì ẹ̀, agbára wa kò ká a. A kò fi pamọ́ fún ọmọ náà. Ó sàn kí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó yàn ju kí ó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ bá ti lọ síbẹ̀. OOU ló kù, Olabisi Onabanjo University ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ogun State University. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera wọn wà ní Ṣàgámù, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wọn wà. Mọ́rẹ́nikẹ́ fi Ìbàdàn sí àkọ́kọ́, a sì fi ẹnu kò pé bí máàkì bá dé, a máa tún un wò, torí JAMB máa ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ọmọ láti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn èsì. Mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ àyè yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun tí ọmọ bá yàn lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ti di àyànmọ́.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Sẹ́ntà CBT ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ya fọ́tò. Ohun tí mo dúró tì wọ́n fún ni iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí i: Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́místírì, Bàyọ́lọ́jì. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣègùn tí ọ̀kan nínú mẹ́ta ìkẹyìn yẹn sì yẹ̀, máàkì tó wù kó gbà, kò wúlò fún un. Ka gbogbo rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìbéèrè 180 ni ìdánwò náà, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì péré. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún Mọ́rẹ́nikẹ́, ó dákẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó máa ń fara balẹ̀ kà, ó máa ń padà sẹ́yìn. A yá kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ lọ́wọ́ ìbátan wa kan, ó ń fi ìbéèrè àtijọ́ dánra wò lórí rẹ̀ ní alaalẹ́, fóònù mi ń ka àkókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. JAMB ti ṣe é kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò náà lè ṣe é: bọ́tìnnì mẹ́jọ ni ọmọ nílò, A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà, S láti parí, R láti yí ọkàn padà. Ọmọ tó bá ti fi ìka mọ mẹ́jọ yìí kò ní máa wá èkúté kọ̀ǹpútà kiri nínú gbọ̀ngàn.

Àsìkò yẹn ni ẹnì kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi. Ó ní òun mọ sẹ́ntà kan tí wọ́n ti máa bá ọmọ ṣe é, pé kí n sáà mú owó wá, pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Mo ní rárá, mo sì tún sọ ọ́ sókè kí àwọn aládùúgbò ìsọ̀ mi gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bá jí máàkì fún máa pàdé ìdánwò yunifásítì, á pàdé 100 level, á pàdé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan. Ta ló máa bá a ṣe ìyẹn? Bí JAMB bá sì mọ̀, wọ́n á fagi lé èsì rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí pé òbí ni wọ́n ń lọ bá, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n mọ̀ pé àwa la máa ń bẹ̀rù jù.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo sìn ín dé ìkóríta, mo padà. JAMB kò fẹ́ rí òbí ní àyíká sẹ́ntà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Èsì dé: 278. Kí ẹ lè mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́, nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò dé 200, àwọn tó sì gba 320 sókè jẹ́ 4,756. Máàkì tó dára gan-an ni 278. Ṣé ó tó fún ìṣègùn ní Ìbàdàn? Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́.

Ìbàdàn máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti ìdánwò tiwọn, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. 278 tí a fi 8 pín jẹ́ 34.75. Bí a bá fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 75, ibi tí a rò pé ọkàn wa ti lè balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba 80.5 nínú 100 lọ́dọ̀ wọn. Nínú àwọn ìbéèrè àtijọ́ tó ń fi dánra wò, nǹkan bí 65 ló ń gbà. Ìyẹn máa gbé e dé 67.25. Bí mo ṣe ń wọn aṣọ kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì fi bírò lé e lọ́wọ́.

Àsìkò Iléyá ló bọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, ilé wa kún fún ẹbí láti Èkó àti òkè òkun, gbogbo wọn ló sì ní ìmọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìbàdàn ni Ìbàdàn, pé láti 1948 ni wọ́n ti ń kọ́ dókítà níbẹ̀, pé kí ọmọ fi ìgboyà dúró. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ yín lágbára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rò ó.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló máa jókòó sílé fún ọdún kan bí kò bá bọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Mọ́rẹ́nikẹ́ wá bá mi ní yàrá. “Mọ́mì, ṣé dókítà ni mo fẹ́ dà ni àbí Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ?” Mo ní òun ló máa dáhùn. Ó ní dókítà ni. Èmi kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. A lọ sí sẹ́ntà CBT, a sanwó, ó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sí OOU.

Ti OOU ní ìwé tirẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ni, nítorí náà ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìjọba ìbílẹ̀ bàbá ọmọ ni ẹ ti máa gbà á. Ẹ tètè lọ, torí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, gbogbo ìlú ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Nígbà tí èsì WAEC jáde, tó ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò jẹ́ kó sùn mọ́ ọn: a lọ gbé e sórí ìkànnì JAMB ní sẹ́ntà. Ọmọ tí JAMB kò bá rí èsì WAEC rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kò lè fún un ní àyè, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó. Ọmọ aládùúgbò wa kan wà tó dúró títí láìmọ̀ pé ohun tó sé e mọ́ nìyẹn.

Orí CAPS, ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní àyè, ni a ti ń wo bóyá wọ́n ti gbà á, láti 2017 ni JAMB ti ń lò ó. Mo jẹ́ kí Mọ́rẹ́nikẹ́ máa wò ó fúnra rẹ̀, mi ò dààmú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń tú pálí aṣọ ló pè mí. Wọ́n ti fún un ní ìṣègùn ní OOU. Mo ní kó má tíì tẹ nǹkan kan, kó kọ́kọ́ ka orúkọ ẹ̀kọ́ náà sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí nígbà mìíràn wọ́n máa ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí kò béèrè, ẹni tó bá sì ti gbà á lórí CAPS ti gbà á. Ó kà á. Ìmọ̀ ìṣègùn ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà a tẹ lẹ́tà ìgbàwọlé ti JAMB jáde, èyí tó yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ máa béèrè rẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, ó sì tún máa wúlò nígbà tí ọmọ bá fẹ́ lọ sin ìlú ní NYSC. Ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì Mọ́rẹ́nikẹ́, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀.