Tí oògùn myeloma ò bá ràn mọ́: bí clinical trial ṣe rí ní Amẹ́ríkà

Bàbá kan tí mo máa ń fi mọ́tò gbé lọ sílé ìwòsàn sọ fún dókítà pé, "Ẹ ò ní fi orí mi kọ́ fífá." Multiple myeloma, ìyẹn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, ló ń bá wọn jà. Lenalidomide tí wọ́n ti ń lò bọ̀ ò ràn mọ́, ni dókítà bá dábàá clinical trial kan, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi ń dán oògùn wò lára èèyàn, tí wọ́n ti ń lu oògùn mẹ́ta pọ̀. Mi ò dá Bàbá lẹ́bi. Ohun tí wọ́n fojú àwọn aláwọ̀ dúdú rí ní Tuskegee láti 1932 títí di 1972, níbi tí àwọn dókítà ìjọba ti ń wo àwọn ọkùnrin tó ní syphilis níran láìtọ́jú wọn, kì í ṣe àhesọ. Ṣùgbọ́n òun náà ló fa òfin ọdún 1974, tó ní kí ìgbìmọ̀ kan kọ́kọ́ yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Àìsàn yìí ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po méjì bó ṣe ń mú àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ a ò tó nǹkan nínú àwọn tí wọ́n ń bá dán oògùn rẹ̀ wò. Ó ń dùn mí.

Ìwé tí wọ́n máa gbé síwájú yín lè lé ní ogún ojú ìwé. Ẹ má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ọmọ yín bá yín kà á, kẹ́ ẹ sì béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ìpele ìpele ni trial: Phase 1 ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà. Phase 3 ń fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín èèyàn. Ẹni tí ò bọ́ sí ti tuntun á ṣì gba ìtọ́jú gidi. Ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ lè jáde, wọn ò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ pa yín tì.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí jù nìyí. Lẹ́yìn tí Bàbá fọwọ́ sí ìwé tán, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: neutrophil, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, jẹ́ 1,300. Trial náà ń béèrè 1,500. Wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò Duffy, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la jẹ́ Duffy-null: látìbí ni neutrophil ti máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kì í sì í ṣe àìsàn rárá. Àwọn trial kan ti ní nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ fún irú wa. Irú ẹ̀ ni Bàbá padà rí wọ̀. Tí wọ́n bá fi neutrophil lé yín padà, ẹ béèrè àyẹ̀wò yìí.

Ní ti owó, iléeṣẹ́ tó ṣe oògùn tuntun ló sábà máa ń san tiẹ̀, ìnṣọ́ránsì á san ti ìtọ́jú tó yẹ kẹ́ ẹ gbà tẹ́lẹ̀. Medicaid, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tówó tó ń wọlé fún wọn ò tó nǹkan, náà ti wà nínú ẹ̀ láti January 2022. Ẹ béèrè owó mọ́tò pẹ̀lú.

Àgbo ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn, títí kan èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Myeloma máa ń ba kídìnrín jẹ́. Ibuprofen lásán lè dá kún un. Ní ti oògùn trial, bó tán bó ṣẹ́ kù, ẹ má ju ìgò rẹ̀ nù. Nọ́ọ̀sì máa gbà á lọ́wọ́ yín, á sì ka hóró tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ lè wá trial tó wà nítòsí yín lórí clinicaltrials.gov. Ìgbà tí àìsàn náà bá kọ́kọ́ gbérí padà ni kẹ́ ẹ ti béèrè, torí àwọn trial míì kì í gba ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ìtọ́jú fún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.