Èjìká Tó Ń Yẹ̀: Iṣan Kéékèèké Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

Orí egungun apá tóbi ju abọ́ tó jókòó sí lọ. Bí ẹni gbé ọsàn lé ìdérí ìgò ló rí. Ohun tí kì í jẹ́ kó yí dànù ni okùn oríkèé àti iṣan kéékèèké mẹ́rin tó yí i ká: ọ̀kan lókè, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Bí iṣan ńlá ẹ̀gbẹ́ èjìká ṣe ń fa apá sókè, àwọn mẹ́rin yìí ń tẹ egungun mọ́ àárín abọ́. Bí wọ́n bá rọ, tàbí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jí, egungun á yọ̀, iwájú ló sì sábà máa ń gbà.

Ẹni tó wá sáré lọ gbé irin kí àyà rẹ̀ lè le ń tan ara rẹ̀ ni. Bí apá bá wà lókè tó yí sẹ́yìn, iwájú ni iṣan àyà ń fa egungun sí.

Ìgbà tí dókítà bá ti ní kẹ́ ẹ tú aṣọ tó gbé apá kọ́ ọrùn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún iṣan kéékèèké yìí lókun. Ẹ lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà ní Nyanya tàbí Kubwa l'Ábùjá, ẹ gba túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù; ti ọ̀kadà máa ń le jù. Ẹ so ó mọ́ irin fèrèsé, kó ṣe déédéé ìgúnpá. Ẹ ká táwẹ̀lì kékeré, ẹ fi há àárín ìgúnpá àti ìhà. Bó bá jẹ́ èjìká ọ̀tún ló ń yẹ̀, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ òsì sí fèrèsé, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di rọ́bà náà mú, ẹ ká ìgúnpá, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ síta: ẹ ka 2 bó ṣe ń lọ, 4 bó ṣe ń bọ̀. Ẹ ṣe é ní 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe títí á fi di ìgbà 3. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ tó. Bí táwẹ̀lì bá jábọ́, iṣan ńlá ti gbaṣẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ sún mọ́ fèrèsé kí rọ́bà lè dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí i, ẹ fà á wá sí ikùn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ má nawọ́ sẹ́yìn mú báàgì nínú mọ́tò, ẹ má ju òkúta. Kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ jẹ́ kí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, fúnra rẹ̀ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù.

Bó bá tún yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á nílé; egungun lè ti sán. Bí awọ ẹ̀gbẹ́ èjìká bá kú tipiri, tàbí tí ọwọ́ tutù, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ ń yọ láìṣubú, tàbí tó lè fúnra rẹ̀ yọ ọ́, kó má fi rọ́bà líle kún un. Iṣan rẹ̀ lè lágbára, àsìkò tí wọ́n ń fà ni kò bára mu, ọ̀dọ̀ físíò, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan àti oríkèé, ló sì ti máa tún un kọ́.