Tí láńlọ́ọ̀dù bá fẹ́ sọ ilé tí màmá ń gbé di kọ́ńdò, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Kọ́ńdò ni ilé tí wọ́n ń ta fúláàtì inú ẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n fi háyà. Tọ́rọ̀ ẹ̀ bá délé yín, ẹ má sáìn nǹkan kan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe máa ń lọ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ki lẹ́tà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, kò ní pẹ́ tí ọmọkùnrin kan tẹ́nu ẹ̀ dùn á wá kanlẹ̀kùn, á ní mámà, ilé ti fẹ́ di kọ́ńdò o, ẹ gba owó yìí kẹ́ ẹ fi kó ẹrù yín. Ìyá tó ti wà níbẹ̀ látìgbà táwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà ní sùkúù á rò pé ó ti parí nìyẹn, á fọwọ́ síwèé. Ìwé tó fọwọ́ sí yẹn gan-an ló máa lé e jáde.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í ṣe ìwé ìlé-jáde. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí ló ní òfin pé láńlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ń gbélé ní nótíìsì, kó sì kọ́kọ́ fi ilé lọ̀ wọ́n kó tó tà á fún ará ìta. Àmọ́ òfin ibì kan ò jọ tibòmíì rárá, nítorí náà ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ìpínlẹ̀ míì bá sọ, ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín àti ti ìlú yín gan-an. Ẹ wò ó báyìí: ní Massachusetts, ọdún kan ni nótíìsì fún ayálégbé lásán, ẹni tó bá ti pé 62 ní ọdún méjì, ó sì lè gba àfikún tí ò bá rí irú ilé bẹ́ẹ̀ míì ládùúgbò, Boston tún wá sọ ọ́ di ọdún márùn-ún fáwọn àgbà. Ní New Jersey, ẹni tó ti pé 62 tówó tó ń wọlé fún un ò pọ̀ jù lè gba ààbò ogójì ọdún, ẹ ò ṣì í kà, 40! Chicago ní tiẹ̀, 65 ni wọ́n ń wò, ọjọ́ 180 ni wọ́n ń fún wọn dípò 120. Ní ìlú New York, látọdún 2019, wọn ò lè tìtorí pé ẹ ò rà á lé yín jáde mọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: ààbò yìí kì í ṣàdédé wá bá èèyàn. Ní New Jersey tí mo dárúkọ yẹn, ọgọ́ta ọjọ́ péré lẹ ní láti fi kọ fọ́ọ̀mù látọjọ́ tí nótíìsì bá dé ọwọ́ yín, àgbà tó bá fi ẹ́ńfílọ́ọ̀pù sórí tẹlifíṣọ̀n títí ọmọ á fi wá kí i nígbà ọdún ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Torí náà kẹ́ ẹ ṣí i lọ́jọ́ tó dé, ẹ kọ déètì sára ẹ̀, ẹ fi fóònù yà á, ẹ sì wá ìwé tó fi ọjọ́ orí hàn àtèyí tó fi hàn pé ilé yẹn ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ orí inú páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa kà o, tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí mò ń sọ. Bí páásípọ́ọ̀tù bá ní 59, 59 ni wọ́n.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á ni? Ó lè dáa, torí wọ́n sábà máa ń dín owó kù fún ẹni tó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, báǹkì náà ò sì lè torí ọjọ́ orí nìkan sọ pé àwọn ò ní yá mámà lówó, òfin ìjọba àpapọ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun táwọn èèyàn kì í béèrè ni owó oṣooṣù tí kọ́ńdò ń gbà yàtọ̀ sí mọ́gééjì, ìyẹn owó báǹkì tẹ́ ẹ fi rà á, owó òrùlé, ẹ̀lífétọ̀, bọ́ílà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì ń gòkè nígbà tówó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ilé àtijọ́ tí wọ́n kun lọ́dà tuntun ni wọ́n sábà máa ń sọ di kọ́ńdò. Lẹ́yìn tí ilé kan wó ní Surfside, Florida, lọ́dún 2021 tó pa èèyàn 98, ìpínlẹ̀ yẹn fi dandan lé àyẹ̀wò àti owó àtúnṣe tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni bíìlì yẹn sì dé bá lójijì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìròyìn ẹnjiníà, kẹ́ ẹ sì béèrè iye tó wà lápò àtúnṣe. Tí wọ́n bá kàn ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dáhùn, ẹ má rà á.

Tó bá wá di pé hítà ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n ń lu ògiri láti àárọ̀ kùtù, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó sú mámà kí wọ́n lè kó jáde ni. Ẹ máa kọ déètì, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ ilé ní ìlú yín, kẹ́ ẹ má sì dá owó ilé dúró láì bi lọ́yà, torí ìyẹn ló máa fún láńlọ́ọ̀dù lẹ́nu ní kọ́ọ̀tù. Àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ wà fáwọn àgbà, tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ pe Eldercare Locator, ìyẹn nọ́ńbà ìjọba tó ń darí àwọn àgbà síbi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́, 1-800-677-1116, wọ́n á sọ ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó pè, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ẹ bi wọ́n bóyá lẹ́tà tiwọn náà ti dé, torí tẹ́ ẹ bá pé mẹ́wàá tẹ́ ẹ jọ lọ bá lọ́yà kan ṣoṣo, láńlọ́ọ̀dù á tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ.