Bí A Ṣe Ń Fi Ìdọ́gba Wá Físíìsì Tuntun Nínú Mésọ̀n B

Ní ọjà Odò-Ogbè níbí ní Ilé-Ifẹ̀, bí ìdí kóńgò oníràísì bá ti wọnú, kò sẹ́ni tó mọ iye ìrẹsì tó ń gbà gan-an. Síbẹ̀, tó bá fi kóńgò yẹn kan náà wọn mẹ́wàá fún mi, tó wọn méje fún yín, ó dájú pé tèmi ju tiyín lọ, a sì mọ bó ṣe jù ú lọ tó. Àbùkù kóńgò kò ba ìfiwéra jẹ́. Iṣẹ́ tí ìdọ́gba ń ṣe fún ẹni tó ń yẹ mésọ̀n B wò nìyẹn. Agbára tó so inú èérún yìí pọ̀ lọ́jú pọ̀ débi pé ìṣirò rẹ̀ kì í tán, la ṣe ń fi méjì wéra, kí ohun tí a kò lè ṣírò lè fagi lé ara rẹ̀.

Mésọ̀n B wúwo tó prótọ́ọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kì í sì í pẹ́ láyé rárá kó tó fọ́. Ó ní ìkejì, òdì-B, bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí ìṣẹ̀dá bá ń ṣe méjèèjì bákan náà, kò yẹ kí ọ̀kan máa fọ́ sí kaon àti pion, èérún méjì tó fúyẹ́ jù ú lọ, ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní 2004, ẹgbẹ́ BaBar ní California ka 910 fún B, wọ́n ka 696 fún òdì-B. Kobayashi àti Maskawa, onímọ̀ físíìsì méjì ará Japan, ti fi àlàyé irú ìyàtọ̀ báyìí lélẹ̀ láti 1973, àlàyé wọn sì ń bá ohun tí wọ́n ń wọ̀n mu. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ìyàtọ̀ tó tibẹ̀ wá kéré jù láti sọ ìdí tí ìràwọ̀, ilẹ̀ àti àwa fúnra wa fi ṣẹ́kù láyé, tí òdì wa kò sì sí mọ́. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ wà. Òun là ń wá.

Ẹ gba fáìlì. Ẹ̀rọ Pelletron, tó ń mú èérún sáré, tó wà lọ́gbà OAU ń lo fóòtì mílíọ̀nù 1.7, agbára rẹ̀ kò tó bí mésọ̀n B. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ LHCb ti kó díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí èérún ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2011 sórí CERN Open Data, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá ti B tó fọ́ sí èérún mẹ́ta. MagnetUp àti MagnetDown ló ń jẹ́; ẹ gba méjèèjì. Òru ni mo máa ń gbà wọ́n, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Python ti tó.

Ẹ ṣírò ìwúwo. Fún èérún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ipá ìrìn rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: PX, PY, PZ. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ gbà pé kaon ni, ẹ fi ìwúwo kaon, 493.7 MeV, tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kún un; gbòǹgbò rẹ̀ ni agbára èérún náà. Ẹ ro agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ro ipá ìrìn wọn pọ̀ lọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ṣírò ìwúwo òbí wọn: ẹ sọ àpapọ̀ agbára di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ àpapọ̀ ipá ìrìn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kúrò; gbòǹgbò rẹ̀ ni. Ẹ ya gíráàfù rẹ̀. Òkè kan yóò yọ sókè ní nǹkan bíi 5,279 MeV. Mésọ̀n B nìyẹn, lójú ẹ̀yin fúnra yín. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, inú mi ṣì ń dùn sí i.

Ẹ ṣà á. Bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà ni: ẹ yọ èyí tí òpó isMuon nínú fáìlì bá sọ pé muon ni (èérún tó jọ elékítírọ́ọ̀nù àmọ́ tó wúwo jù ú lọ), ẹ mú èyí tí ProbK rẹ̀ (bó ṣe ṣeé ṣe kó jẹ́ kaon tó) ga tí ProbPi rẹ̀ (bó ṣe ṣeé ṣe kó jẹ́ pion tó) sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pinnu ibi tí ẹ máa gé e kí ẹ tó wo iye B⁺ (B tó ní iná +) àti B⁻ (òdì rẹ̀). Ẹni tó bá wò ó ṣáájú yóò gé e síbi tó wù ú.

Ẹ kà á. Ẹ yọ iye B⁺ kúrò nínú ti B⁻, ẹ fi àpapọ̀ méjèèjì pín in. Ti BaBar yẹn: 696 dín 910, ẹ fi 1,606 pín in, ó di −0.133. Ẹ wá nọ́ńbà tó bá di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tí yóò tó 1,606, bíi 40. Ẹ fi 40 pín 1. Ìyẹn 0.025 ni ìwọ̀n ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lásán. Ti BaBar jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún, àmọ́ ìdọ̀tí abẹ́ òkè gíráàfù, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe B, máa ń dín in kù.

Ẹ yẹ ẹ̀rọ wò. Ibí ni mo ti ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Fáìlì kan ni mo gbà nítorí owó dátà, ìyàtọ̀ tí mo rí sì ń tàn mí. Mágínẹ́ẹ̀tì ń tẹ èérún + sí apá kan, ó ń tẹ − sí apá kejì. Bí apá kan ẹ̀rọ bá ríran ju ìkejì lọ, ìyàtọ̀ òfìfo yóò yọ. Ìdí tí LHCb fi ń yí mágínẹ́ẹ̀tì padà nìyẹn. Ẹ ka fáìlì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó wá àárín wọn. Èyí kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò: prótọ́ọ̀nù méjì tó kọlura kò bí B⁺ àti B⁻ ní iye kan náà.

Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì. Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Quark ni èérún tó para pọ̀ di kaon, pion àti B. Bí ẹ bá fi quark d pààrọ̀ quark s, Kππ (kaon kan, pion méjì) di πKK (pion kan, kaon méjì). Ìdọ́gba yìí, U-spin, ní kí ìyàtọ̀ wọn lòdì síra, kí ti èyí tó ṣọ̀wọ́n sì pọ̀ tó bó ṣe ṣọ̀wọ́n sí. Ní 2014, LHCb rí +0.025 fún Kππ, −0.123 fún πKK. Àmì wọn lòdì síra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Kππ wọ́pọ̀ ju πKK lọ tó ìlọ́po mẹ́wàá, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún péré. Ẹ má tíì kígbe. Quark s wúwo ju d lọ, ìdọ́gba yìí fúnra rẹ̀ kò pé. Ìdọ́gba tó wà láàárín u àti d ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí ìwúwo wọn súnmọ́ra; abẹ́ rẹ̀ sì ni àlọ́ kaon àti pion wà, níbi tí B⁰ (B tí kò ní iná) ti ń fún wa ní nǹkan bíi −0.08, tí B⁺ sì ń fún wa ní nǹkan bíi +0.03, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí méjèèjì súnmọ́ra.

Ní March 2021, LHCb kéde pé wọ́n rí àmì pé elékítírọ́ọ̀nù àti muon kò dọ́gba nínú fífọ́ B. Ní December 2022, wọ́n rí i pé àwọn èérún mìíràn ti para dà bí elékítírọ́ọ̀nù. Ìyàtọ̀ náà sì lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fi èsì yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ padà sí ìpele ìṣàṣà, ẹ yí ProbK díẹ̀ sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ tún un kà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 139.6, ìwúwo pion, rọ́pò 493.7 fún àwọn èérún tí ProbPi wọn ga, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí B tó fọ́ sí pion, ìkejì èyí tí ẹ ti kà.