Ọdún kan tí mo fi ka ìtànṣán: ṣé oòrùn ń yí bí átọ́ọ̀mù ṣe ń jẹrà padà?

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn àkọsílẹ̀ ìjẹrà átọ́ọ̀mù (bí átọ́ọ̀mù ṣe ń tú ìtànṣán jáde tí ó sì ń di òmíràn) tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ní ilé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún, ní nǹkan bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún, bí ayé ṣe ń súnmọ́ oòrùn ní oṣù Ṣẹẹrẹ tí ó sì ń jìnnà sí i ní oṣù Agẹmọ. N kò fẹ́ gbà á gbọ́, n kò sì fẹ́ kọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé mo wọn nǹkan kan fúnra mi.

Cesium-137, èròjà kan tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń jẹrà, ni mo lò, ní yàrá ìwádìí kan ní Ìbàdàn. Mo de òun àti kírísítà sodium iodide tí ń ka ìtànṣán rẹ̀ mọ́ orí pátákó kan náà, nítorí pé bí àlàfo àárín wọn bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yẹ̀, iye tí a ń kà yóò yí. Wákàtí kan ni mo ń kà lójoojúmọ́, ó sì ń fún mi ní nǹkan bí 1,800,000. Kíkà tí ó pọ̀ tó báyìí lè fi nǹkan bí 1,340 yẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ìyẹn kò sì tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Mo tún yọ ìdínkù àdámọ́ ti Cesium-137 kúrò, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Nígbà tí ọdún pé, mo rí i pé iye náà lọ sókè ní Agẹmọ àti Ògún, ó sì wálẹ̀ ní Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí àwọn ará Purdue sọ ni, nítorí náà mo gbé àkọsílẹ̀ tẹmómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí yàrá ṣe ń gbóná ni iye náà ń dín kù. Kírísítà náà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ìtànṣán bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ yìí ni a sì fi ń mọ agbára ìtànṣán náà. Ooru máa ń dín ìmọ́lẹ̀ náà kù, díẹ̀ nínú ìtànṣán a sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ààlà agbára tí mo ń kà; ẹ̀rọ amúlétutù wa sì máa ń dákẹ́ nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ní ìhà tiwa, àkókò òjò tí ó tutù jù ló bọ́ sí ìgbà tí ayé jìnnà sí oòrùn jù, nítorí náà ó rọrùn láti di ẹ̀bi ooru ru oòrùn.

Nítorí pé kọ̀ǹpútà tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ agbára ìtànṣán, mo padà wá góńgó 662 keV (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dá ìtànṣán Cesium-137 mọ̀) rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ka àyíká rẹ̀ nìkan dípò kí n lo ààlà kan ṣoṣo fún gbogbo ọdún. Ìyàtọ̀ tí ó kù kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Àwọn ilé ìwádìí 14 tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní 2016 wọn nǹkan lọ́nà tí ó péye ju tèmi lọ fíìfíì, àwọn náà kò sì rí ọwọ́ oòrùn níbẹ̀.